Ọjọ́ Ìsinmi Oyèkànmí Létí Adágún Gbígbẹ

Oyèkànmí Adésànmí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, awakọ̀ muletto ní ilé ìkẹ́rù kan ní Settimo Torinese, lẹ́bàá ìlú Turin ní Ítálì, ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lápá ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2017, tí wọ́n sì pàṣẹ fún pé kó lọ sinmi. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e padà sílé, ìròyìn náà ti dé Padua.

Lójú ẹni tí kò bá mọ̀, muletto kì í ṣe nǹkan bàbàrà: ọkọ̀ kúkúrú kan ni, tó yọ irin méjì síwájú bí ẹni yọ ahọ́n, tó ń fi wọ́n gbé ẹrù láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Oyèkànmí kì í fi ojú kékeré wò ó. Orí ìjókòó rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ dúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì, tó ti ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ló sì mọ oore tí ìjókòó náà ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń wa ọkọ̀ tó ń gbé ilé. Oyèkànmí kò tíì rí àyè sọ fún un pé páálí ọṣẹ ni.

Nígbà tí dókítà ilé iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó fi ẹ̀rọ fún un lápá, ó mi orí, ó tún fún un lẹ́ẹ̀kejì, ó pòṣé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wa muletto, nítorí bí òòyì bá kọ́ ọ lórí rẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ẹrù yóò wó lù.

"Dókítà, ẹ̀yin gan-an ló fà á," ni Oyèkànmí wí. "Bí mo bá ti rí aṣọ funfun yín báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ wá bá mi nílé kí ẹ wò ó. Ara mi tutù bí omi inú àmù."

Dókítà kò bá a jiyàn. Ó ní kó lọ gbé ẹ̀rọ kan wọ̀ ní tọ̀sán-tòru, kí ẹ̀rọ náà máa fún un lápá fúnra rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Bí ẹ̀rọ bá gbè é lẹ́yìn, yóò padà sórí ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbe dókítà lẹ́yìn, yóò fi muletto sílẹ̀, yóò bọ́ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń di páálí, níbi tí kò sí ìjókòó, títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Nọ́ọ̀sì tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ọn kìlọ̀ fún un dáadáa. Kó má mu kọfí, kó má bá ẹnikẹ́ni jà, kó sinmi. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kó dúró síbi tó bá wà, kó jẹ́ kí apá náà rọ̀ sísàlẹ̀, kó má ká a, kó má sì sọ̀rọ̀. Bó bá mira, ẹ̀rọ náà yóò tún un fún, yóò sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá bàjẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo rẹ̀ di òfo, kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn tó ṣófo títí di oṣù Kẹwàá. Kí oṣù Kẹwàá tó dé, páálí ni. Àpá iná ìgbà èwe ti jẹ́ kí awọ apá òsì Oyèkànmí le, nítorí náà apá ọ̀tún ni nọ́ọ̀sì so ó mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Tinúkẹ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun ní àdúgbò San Salvario ní Turin, ló sọ pé ìsinmi kò lè ṣeé ṣe nílé. Lóòótọ́, lórí ilé ọtí kan ni wọ́n ń gbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í jẹ́ kí ibẹ̀ dákẹ́. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìfẹ́táyọ̀, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, ní kí wọ́n lọ pàgọ́ sí etí adágún kan láàárín òkè, ó sì yá àgọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é láti inú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan péré ni Tinúkẹ́ sọ ọ́ fún, oníbàárà tó ń dirun fún lọ́wọ́, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà pa àṣẹ mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orí WhatsApp ló gbé e sí. Báyìí ni àwọn Yorùbá Turin, ti Verona àti ti Padua ṣe gbọ́ pé ara Oyèkànmí kò dá, pé wọ́n ní kó máa sinmi. Ta ni yóò gbọ́ pé èèyàn òun ń sinmi tí kò ní pè é kó kí i kú ìsinmi?

Àbúrò rẹ̀ ní Verona, Morákinyọ̀, ló kọ́kọ́ pè, ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí adágún ò tíì jáde ní Turin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìsinmi o! Ṣé ẹ ń sinmi dáadáa?"

"A dúpẹ́, Morákinyọ̀."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Wọ́n ní kí ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó ńkọ́? Táyọ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká kúkú gbàdúrà díẹ̀."

Ọkọ̀ ti ń gun òkè, àdúrà díẹ̀ náà kò tíì parí. Oyèkànmí ń ṣe àmín létí fóònù, àfi gìrì tí ẹ̀rọ fún un lápá. Ó dákẹ́, ó na apá sílẹ̀, ó ń wo iwájú bí ère.

"Wọn ò ní fi wá sun ẹkún yín!" ni Morákinyọ̀ wí. Kò gbọ́ àmín. "Mo ní wọn ò ní fi wá sun ẹkún yín! Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n! Yéè, wọn ò ṣàmín mọ́!"

Kí ẹ̀rọ tó tú apá rẹ̀ sílẹ̀, Morákinyọ̀ ti ń fi fóònù kejì pe Tinúkẹ́, ó ń bi í léèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èrò Padua bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbogbo wọn ló sì bi í ní ìbéèrè tó pọ̀.

"Papà, basta, ó tó," ni Ìfẹ́táyọ̀ wí, ó na ọwọ́ sẹ́yìn láti ibi tó ti ń wakọ̀. "Dammi quel telefono." Ó gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó ní kó fi í pamọ́. Inú kúlà ni Tinúkẹ́ sọ ọ́ sí, sáàárín mọ́ínmọ́ín.

Adágún tí wọ́n dé kì í ṣe àdáyébá. Odò ni wọ́n sé láyé àtijọ́, tí omi fi bo abúlé kan mọ́lẹ̀. Lọ́dún yìí ọ̀dá dá, omi sá wọ àárín lọ, ó ku iyanrìn àti ẹrẹ̀ gbígbẹ tó sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, ó lọ salalu títí ojú kò fi tó o mọ́. Ògiri abúlé tó rì náà yọ síta, afárá òkúta kan sì dúró láàárín iyanrìn, kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀.

Tinúkẹ́ dúró, ó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn.

"Táyọ̀, adágún lo ní à ń lọ tàbí aṣálẹ̀?"

"È la siccità, mamma, ọ̀dá ni. Omi wà lọ́hùn-ún."

"Mo rí i. Ó tó fi bọ́jú."

Wọ́n tu ẹrù sílẹ̀. Kúlà méjì, ẹní, ìrọ̀rí mẹ́ta, agboorùn, ìkòkò, àti fáànù onídùúró.

"Mamma, níbo la ó ti rí iná fún fáànù?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo ní àwọn òyìnbó ń wá síbí wá gbádùn? Ta ló ń gbádùn láìsí iná?"

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Piera, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti pàgọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó wo fáànù náà, ó wo igbó yíká, ó sì rọra padà sídìí ìwé tó ń kà.

Oyèkànmí nà sórí ẹní lábẹ́ agboorùn. Atẹ́gùn ń fẹ́, òkè yí i ká, ara ìbá sì tù ú bí kì í bá ṣe pé Tinúkẹ́ jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹja lójú iná.

"Bàbá Táyọ̀, ṣé ẹ ń sinmi?"

"Mo ń sinmi."

"Ẹ ò jọ ẹni tó ń sinmi. Ẹ wo bí ẹ ṣe fajú ro."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn, Ìyá Táyọ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó o fẹ́ mi."

"Nígbà yẹn mo rò pé ebi ni."

Ẹ̀rọ fún un. Ó dákẹ́. Tinúkẹ́ náà mú ẹ̀mí dúró títí tó fi tú u sílẹ̀, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń fún.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ọkọ̀ Panda àtijọ́ kan rọra gun òkè dé, tí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ sì mú kí Tinúkẹ́ dìde fìrì. Bàbá Ọlálẹ́yẹ ni, Morákinyọ̀ ló júwe ibẹ̀ fún un. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, òun ló sì pẹ́ jù nínú gbogbo Yorùbá tó wà ní Turin. Òun ló ń parí ìjà tọkọtaya, òun ló ń bá ọmọ bẹ bàbá, tó ń bá ayálégbé bẹ onílé. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń dáko kékeré kan ní Settimo, lórí ilẹ̀ tí ìlú pín fún àwọn àgbàlagbà. Láti inú oko náà ló ti mú àgbàdo wá, àkọ́so ọdún náà, tó ti bọ̀ ọ́, tó sì fi aṣọ wé e kó má bàa tutù.

"Mo ní mi ò ní fi fóònù kí i," ló ń wí bó ṣe ń bọ̀. "Kí ọmọ mi máa ṣàìsàn, kí n máa ti inú páálọ̀ kí i? Èmi kọ́."

Tinúkẹ́ àti Ìfẹ́táyọ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Oyèkànmí fò dìde lórí ẹní láti dọ̀bálẹ̀.

"Papà, piano! Ẹ rọra!" ni Ìfẹ́táyọ̀ kígbe.

"Má dọ̀bálẹ̀, má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀," ni Bàbá wí. "Aláìsàn kì í dọ̀bálẹ̀. Gba èyí jẹ kí ara rẹ le." Ó sì na àgbàdo kan tó ń rú èéfín sí i.

Ní àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ gbé ìfúnpá rẹ̀ dé.

Apá ọ̀tún Oyèkànmí rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Ọwọ́ Bàbá ṣì nà síwájú, àgbàdo ń rú èéfín, kò sí ẹni tó gbà á. Oyèkànmí rò ó: bí òun bá gbé ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀rọ bàjẹ́, bí òun bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ bàjẹ́, bí òun bá sì jẹ́ kí àgbà dúró na ọwọ́ sí òun bí ẹni tọrọ báárà, ayé bàjẹ́. Nínú ìdààmú yìí ló ti ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó na ọwọ́ òsì.

"Háà!" ni Tinúkẹ́ ké.

Bàbá Ọlálẹ́yẹ fa àgbàdo rẹ̀ padà. Ó wo ọwọ́ òsì náà láti èékánná dé ìgúnpá.

"Oyèkànmí. Ṣé èmi lo na ìyẹn sí?"

Oyèkànmí ranjú mọ́ ọn, kò fọhùn.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ń wò mí?"

"Ẹ̀rọ ló fún wọn, Bàbá!" ni Tinúkẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ mira ni!"

"Ọwọ́ òsì tó nà sí mi ńkọ́, ṣé kò mira ni?"

Ẹ̀rọ tú u sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ̀rọ yìí ni..." Ṣùgbọ́n nínà tó na ọwọ́ kejì ti da iṣẹ́ ẹ̀rọ rú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, ó fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ. Oyèkànmí gbé ẹ̀bẹ̀ mì ní ààbọ̀, ojú rẹ̀ tún le koko.

"Ẹ ò wá rí i," ni Bàbá wí. "Ó ti bẹ̀ mí tán. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó kàn mí nìyẹn." Ó wé àgbàdo rẹ̀ padà sínú aṣọ, ó kọjú sí iyanrìn. "Mò ń lọ wo afárá yẹn. Afárá ò lọ́wọ́ òsì."

Ó sì ń lọ láàárín oòrùn, aṣọ àgbàdo lábíyá, fìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán lórí.

Ìfẹ́táyọ̀ ní kí bàbá òun jókòó, pé gli passa, inú wọn á rọ̀. Tinúkẹ́ ní òun ni yóò lọ bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, Bàbá Táyọ̀. Ẹ rántí muletto."

"Bí mo bá jókòó, ṣé ọkàn mi máa jókòó? Bí Bàbá bá bínú wọ mọ́tò padà sí Turin, kó tó di alẹ́, Padua á ti gbọ́ pé mo na ọwọ́ òsì sí wọn. Ta ni mo sì fẹ́ rán kó bá mi bẹ̀ wọ́n? Àwọn náà là ń rán!"

Òtítọ́ nìyẹn. Oyèkànmí bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ adágún. Iyanrìn gbóná, ẹrẹ̀ gbígbẹ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkì. Ó ń rò ó lọ́nà pé ìsinmi ni òun ń ṣe yìí.

Bàbá jókòó sórí òkúta kan lábẹ́ òjìji afárá. Ó rí i tó ń bọ̀, ó wo ibòmíràn.

Oyèkànmí kò ṣàlàyé. Àlàyé ti kọjá. "Bàbá, ẹ dárí jì mí," ló wí, ó sì nà gbalaja, ó da àyà délẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan iyanrìn, ó na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bá a.

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Kò mi apá, kò fọhùn.

"Ó dáa," ni Bàbá wí, láìwò ó.

Oyèkànmí kò dìde.

"Mo ní ó dáa. Mo ti gbọ́."

Mímí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ojú ọ̀nà kò jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ ohun tó ń wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oyèkànmí ń bẹ nílẹ̀. Àwọn tó wá wo afárá dúró lókè, wọ́n ń wò wọ́n, ẹnì kan yọ fóònù.

"Oyèkànmí, mo ní dìde. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n rò pé mo lù ọ́ ni?"

Kò sí èsì. Bàbá yíjú sí i wàyí. Ó wo ọkùnrin tó nà sílẹ̀ yìí, ẹni tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, tó gba inú oòrùn wá láìwọ bàtà. Ohùn rẹ̀ yí padà.

"Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, orí ni gbogbo yín ń mì sí mi bí alángbá. Kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi báyìí rí. Kódà àwọn ọmọ tí mo bí." Ó nu ojú, ó ní oòrùn ni. "Ó dáa. Bó o bá fẹ́ wà níbẹ̀, wà níbẹ̀. Inú mi ti yọ́."

Ẹ̀rọ tú apá náà sílẹ̀. Oyèkànmí fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn bí odò ṣe gbẹ lẹ́yìn ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ mú ẹja àrọ̀ nínú ẹrẹ̀. A kì í sì í dìde nídìí ìtàn àgbà. Òjìji afárá bò wọ́n. Iyanrìn ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó gba ikùn rẹ̀ dáadáa. Fóònù wà nínú kúlà. Kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó ń sinmi. Ẹja àrọ̀ àkọ́kọ́ yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n lé e, èkejì fi ìwo gún ẹ̀gbọ́n wọn kan lọ́wọ́. Kí wọ́n tó mú ẹ̀kẹta, Oyèkànmí ti sùn lọ fọnfọn.

Ẹ̀rọ fún un, ó tú u sílẹ̀, ó tún fún un, kò mọ̀.

Ajá ló kọ́kọ́ dé, ó ń gbóòórùn etí rẹ̀. Ìyá Piera tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò omi, ó ti láàgùn, àyà rẹ̀ ń já. Ó tọ́ka sí ẹni tó nà sílẹ̀.

"È morto?" Ó ń béèrè bóyá ó ti kú.

"No, signora," ni Bàbá dá a lóhùn, jẹ́jẹ́. "Mi sta salutando." Ó ní ó ń kí òun ni.

Ìyá Piera wo Oyèkànmí. Oyèkànmí hanrun.

"Ó ti tó ìgbà wo tó ti ń kí yín?"

"Láti ìgbà tí inú ti ń bí mi ni."

Ìyá náà ronú sí i, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òun kọ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, "ciao" ni wọ́n ń wí tí wọ́n bá rí òun lójú ọ̀nà. Bàbá ní kó jókòó, ó fún un ní àgbàdo. Nígbà tí Tinúkẹ́ àti Ìfẹ́táyọ̀ sáré dé, wọ́n bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń jẹ àgbàdo lórí ẹni tó ń sùn.

"Bàbá, kí ló ṣe wọ́n?"

"Ṣẹ́ẹ́! Ọmọ mi ń sinmi."

Ní ìrọ̀lẹ́, Oyèkànmí jí, iyanrìn ti ya ilà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó jọ ẹni tí wọ́n kọ ní abàjà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba àgbàdo tó kù, ó sì jẹ ẹ́. Gbogbo wọn sùn nínú àgọ́ lóru ọjọ́ náà, àfi Bàbá, tó ní òun kì í sùn nínú aṣọ, tó sì sùn sínú Panda rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ilé iṣẹ́ gbé àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ náà síwájú, Oyèkànmí jókòó níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín itan. Dókítà fi ìka tọ ilà náà. Ní àárọ̀, òkè ni. Ní ọ̀sán, òkè tó ga ju ti àárọ̀ lọ. Díẹ̀ bàjẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó. Lẹ́yìn náà ni ilà náà já wá sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?" ni dókítà béèrè. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogún ọdún nìyí."

"Mò ń bẹ àgbà kan ni."

"Ẹ̀bẹ̀ yẹn pẹ́ o."

"Ẹ̀ṣẹ̀ náà ló pọ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pa irọ́ fún un. Ó ní òun kò jàre tán, Oyèkànmí náà kò sì jàre tán. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lóòótọ́, kì í ṣe aṣọ funfun nìkan. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n bá fún un láyè. Yóò máa lo oògùn kan láràárọ̀. Yóò máa wa muletto rẹ̀ lọ, fún oṣù mẹ́ta péré. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọn yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nígbà náà ni yóò sọ bóyá ìjókòó ni tàbí páálí.

Oyèkànmí dúpẹ́. Ó gun orí muletto rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó, ó sì jókòó dáadáa. Tinúkẹ́ ti dín iyọ̀ inú ọbẹ̀ rẹ̀ kù, ó sì ti yọ orúkọ wọn kúrò lórí WhatsApp oníbàárà rẹ̀. Morákinyọ̀ ṣì ń pè láti Verona, ṣùgbọ́n ó ti gbà láti máa ṣe àdúrà náà ní kúkúrú.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ni nọ́ọ̀sì yóò tún so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Bàbá Ọlálẹ́yẹ ti rán ẹni sí i pé òun yóò wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní ọjọ́ náà, pé òun ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, pé ìtàn ẹja àrọ̀ kò sì tíì dé ìdajì.